Òrùlé Tí Kì Í Sùn

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó wà lórí afárá kó wọlé, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kó so ó mọ́ òpó kó gòkè wá. Kí ọmọdé jókòó níwájú, kí àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, kí ìyá ọlọ́mọ dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà nítorí ẹkún. Mo ní orin lẹ́nu, mo ní ìtàn nínú, ìkòkò sì wà lórí iná. Orin ló máa kọ́kọ́ jáde, ó ti ń rìn mí lẹ́nu láti àárọ̀:

Oòrùn yọ, awọ jí,
Awọ jí, omi dùn,
Omi dùn, ọmọ mu,
Ilé wa kò ní ṣí lọ.

Ẹ gbè é fún mi: ilé wa kò ní ṣí lọ. Ohùn àwọn ọkùnrin kò jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Orí òrùlé la ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbídùnní, ọmọ ọmọ mi tó ń wọn awọ ìlú, kúnlẹ̀ lórí awọ-oòrùn tó ń sọ oòrùn di iná lórí ilé Pa Ayédùn. Ó ń wọ́ ọ̀pá akọrin lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀ lórí awọ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Èmi dúró lórí àkàbà, mo di kẹ́tù omi rẹ̀ mú. Ọ̀pá yẹn, ibi tí awọ bá ti lágbára, á kọrin lóhùn òkè bí ọmọdébìnrin. Ibi tí agbára bá ti lọ sílẹ̀, á máa kùn bí àgbà tí eyín ń dùn. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kùn ló ń kùn. Gbogbo òrùlé tí Ìbídùnní gùn, ohùn eyín dídùn náà ló ń bá a sọ̀kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, Ọkọ̀ Òfin tí wọ́n ń rán láti orí ilẹ̀ wá yẹ awọ wò ti so ara rẹ̀ mọ́ òpó ilé. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó funfun, ọrùn rẹ̀ gùn bí ti lékeléke, ojú dígí kan ṣoṣo ló wà lókè ọrùn náà, ojú ọ̀hún sì ń tẹ̀ lé Ìbídùnní kiri.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùwọ̀n Ìbídùnní,” ni ọkọ̀ náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. “Agbára awọ ilé yìí ti rẹlẹ̀ ju ìdajì lọ. Òfin ní ó ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ ojú mi.”

Pa Ayédùn yọ orí lójú fèrèsé. Òun ló dàgbà jù ní Ìlú Léfòó wa yìí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kó máa bá ohun tí kì í ṣe ènìyàn jà.

“Ìwọ ọkọ̀ aláìlátukọ̀ yìí,” ó ní, “ta ló bí ẹ?”

“Ilé iṣẹ́ ló ṣe mí, Bàbá. Ẹ kú àgbà o.”

“Wọ́n kọ́ ẹ ní ìkíni, wọn ò kọ́ ẹ lójú àánú.”

“Ojú kan ni mo ní, Bàbá. Ìwọ̀n ni wọ́n fi í ṣe.”

Mo rẹ́rìn-ín, kẹ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ìdí rẹ̀, ó ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ ọlọ́mọ gbé.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ kò mọ ohun tí àtàǹpàkò yẹn lè ṣe. Bó bá fi tẹ ojú ọkọ̀ náà fún gbogbo awọ tó ń kùn yẹn, àwọn ọkọ̀ afàlú á dé láti orí ilẹ̀. Wọn á ká awọ kúrò lórí gbogbo ilé bí ẹní. Ẹ̀rọ ajọyọ̀ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun á dákẹ́, nítorí awọ ló ń bọ́ ọ. Ìlú tí kò bá sì ní omi mímu, wọn kì í jẹ́ kó sùn sójú òkun mọ́. Wọn á tú afárá, wọn á fa ilé lọ ní ẹyọ ẹyọ sí èbúté, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pín ènìyàn sí ilé gogoro ibi tí àyè bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn ará Ìtẹ́-Omi. Títí dòní, ìyàwó wà ní ìlú kan, ìyá ọkọ wà ní òmíràn, orin tí wọ́n jọ máa ń kọ ti pín sọ́nà.

Bẹ́ẹ̀, òfin náà kì í ṣe òfin ìkà. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Òjé, irin tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ń bẹ nínú awọ-oòrùn. Tí awọ bá wà láàyè, òjé náà jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín dígí. Tí omi bá ráyè wọ̀ ọ́, awọ á kú, òjé á sì bọ́ sínú omi òjò tí a ń gbà lórí òrùlé. Ìbídùnní ti bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ Ìtẹ́-Omi tó mu irú omi bẹ́ẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin kan tó ti ń ka ìwé geere tẹ́lẹ̀, tó wá ń wo lẹ́tà bí ẹni ń wo ojú àlejò. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè purọ́ fún ọkọ̀ náà. Kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìlú tó bí i ká.

“Màmá,” ó pè mí, ó rọra sọ ọ́, “ẹ wá wo àwọ̀ ẹ̀.”

Mo gùn ún. Mo wò ó. Ó dú mìnìmìnì, ó ń dán.

“Awọ tó bá kú máa ń pọ́n rúsúrúsú bí èso ìyeyè ni,” ó ní. “Etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí á sì máa ràn lọ sáàárín. Èyí kò ràn níbì kankan. Mo ti wo etí ẹ̀, rọ́bà ẹ̀ le, dígí ẹ̀ kò sán. Omi kankan kò wọ̀ ọ́.”

“Kí ló wá ṣe é?”

“Ó rẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tó rẹ̀ ẹ́.”

“Òfin kò mọ ‘ó rẹ̀ ẹ́’,” ni Ọkọ̀ Òfin wí nísàlẹ̀. Etí rẹ̀ mú. “Òfin mọ ìdajì.”

“Ta ló pè ẹ́ sí i?” Pa Ayédùn bi í.

Ìbídùnní na ọrùn sísàlẹ̀. “Ṣé ẹ lè dúró kí n fi wádìí?”

Ọkọ̀ náà yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn. Omi ń gbá a ní ìhà. “Oòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀la Àbámẹ́ta, ọ̀tunla Àìkú. Èmi kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú mi kì í sinmi, ara wọn gbóná, wọ́n ń wọn ìwọ̀nkúwọ̀n. Bí oòrùn bá wà lágbede méjì ọ̀run lọ́jọ́ Ajé, a ó jọ tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì rẹlẹ̀, àtàǹpàkò yín. Ẹ kú ìsinmi o.”

Ojú dígí náà pa dé. Ọrùn gígùn yẹn tẹ̀ síwájú, ó sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti sá ìlédìí àti ẹ̀wù ọmọ sórí ọrùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, àárọ̀ kùtù la jáde. Mo ní kí Ìbídùnní jẹun, ó ní òun kò lè gbé e mì. Mo di ẹja yíyan sínú ewé, mo tẹ̀ lé e. Òrùlé sí òrùlé, afárá sí afárá. Bí ó bá ti gùn ún, mo máa ń kọrin nísàlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà wọlẹ̀ jù, ọ̀pá á máa kùn lókè, a jọ ń ṣe bí ìlù tí kò bára mu.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ lórí ilẹ̀. Ó ní awọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnu ya gbogbo ayé, ṣùgbọ́n òjò kan péré, ó ti di ìyeyè. Àwọn kan fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá ohun tí wọn á fi bò ó kó lè lò pẹ́: wọ́n da nǹkan pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi awọ lé awọ, wọ́n fi dígí pa á mọ́. Ó ní orúkọ rẹ̀ nílé ìwé ni pẹrofusikáìtì. Mo gbìyànjú láti pè é, eyín ìsàlẹ̀ mi mì. Mo ní kí ó jẹ́ ká máa pè é ní awọ-oòrùn bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, mo sì dúpẹ́ nínú mi.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé ilé Ìyá Fíyìn. Opó ni, ẹja ló ń sá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ. Ìbídùnní gun òrùlé rẹ̀. Ọ̀pá ń kùn, kùn, kùn. Lójijì, ó kọrin.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohùn òkè ni, ohùn ọmọdébìnrin. Orin tó wà lẹ́nu mi gé. Ìbídùnní fa ọ̀pá sẹ́yìn, ó kùn. Ó tì í síwájú, ó kọrin. Ó mú ẹfun nínú àpò rẹ̀, ó fà á yí ibi tí ohùn náà ti ń dún ká. Nígbà tó parí, nǹkan róbótó ló yà sórí awọ náà, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹní ọmọ ọwọ́. Nínú rẹ̀, agbára pé. Lóde rẹ̀, kò sí.

“Ìyá Fíyìn, kí lẹ ṣe síbí?”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe sórí ilé?” Ìyá Fíyìn ń gun àkàbà bọ̀, ó ń mí. “Àfi àtẹ ẹja mi tó wà lórí òpó yẹn. Ẹ má sì gbé e kúrò o. Ológbò Pa Ayédùn ló lé mi débẹ̀. Ológbò tó ń jẹ ẹja ju olówó ẹ̀ lọ.”

A gbójú sókè. Àtẹ náà wà lórí òpó àtùpà, àtẹ páànù róbótó, ó so ó mọ́ ibi tí ológbò kò lè fò dé, lábẹ́ àtùpà gan-an.

“Òjìji ẹ̀ ló ń bo ibẹ̀?” ni Ìbídùnní bi ara rẹ̀.

“Òjìji wo?” Ìyá Fíyìn ní. “Wo òjìji àtẹ lọ́hùn-ún. Láàárọ̀ ó wà lórí ilé ìdáná, nísinsìnyí ó wà ní etí òrùlé, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ti bọ́ sínú omi. Oòrùn ń rìn, òjìji ń bá a rìn. Ṣé wọn kò kọ́ yín ní ìyẹn lórí ilẹ̀?”

“Wọ́n kọ́ wa,” Ìbídùnní ní. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń gun òpó náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí àtùpà, tó sì dúró síbẹ̀. “Òjìji ti alẹ́ ńkọ́?”

Mo gbójú sókè tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Àtùpà kì í rìn kiri. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí di òwúrọ̀, ojú kan náà ni òjìji àtẹ ń wà. Róbótó.

Ìbídùnní jókòó sórí òrùlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rín àti ẹkún jọ jáde.

“Màmá, nílé iṣẹ́ wa, tí a bá ti yẹ awọ wò tán, a máa ń pa iná ká tó lọ sílé. Tí a bá padà dé láàárọ̀, ohun tó bá sọ nù nínú agbára ẹ̀ lọ́sàn-án á ti padà. Bí oòrùn bá ń lù ú, nǹkan inú ẹ̀ máa ń ṣí kúrò ní àyè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkùnkùn ló máa ń jẹ́ kó padà sáyè. A kò tiẹ̀ kà á sí. Àwọn tó ṣe awọ yìí, gbogbo ibi tí wọ́n mọ̀ láyé, ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀.”

Níhìn-ín ni ilẹ̀ kò ti ń ṣú. Ẹ̀yin ọmọdé, àtùpà tí ẹ rí lórí gbogbo ilé yìí, ẹ ti ń rí i láti ọjọ́ tí ẹ ti dáyé, ẹ kò bèèrè. Òru ọjọ́ tí òkun gba ìlú wa àtijọ́, iná kò sí. Àwọn tó wà lójú agbami lálẹ́ yẹn kò mọ ibi tí wọn ì bá tọ̀ bọ̀ wálé. Àwa tó kù gun ilé tó lè léfòó, ohun àkọ́kọ́ tí a sì ṣe ni pé a gbé àtùpà ńlá lé orí òpó, ilé kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn tirẹ̀, a ní kò ní kú mọ́ lálẹ́. Àtùpà ìpadàbọ̀ là ń pè é. Fọlájìn, ọmọ Pa Ayédùn, ni tirẹ̀ ń tàn dè. Ọkọ mi ni tèmi ń tàn dè. Iná funfun tó le, orí òrùlé ara wa ló sì ń dà sí láti alẹ́ dòwúrọ̀. Awọ tó ti fi gbogbo ọ̀sán gba oòrùn, a kò jẹ́ kó dijú.

Nígbà tí oòrùn ń lọ, Ìbídùnní pe ìlú jọ sórí pèpéle ńlá tó yí ajọyọ̀ ká. Ó ṣàlàyé. Ó ṣe é dáadáa, kò fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé dí wa lójú. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, títí ó fi dé ibi tó ti ní kí a pa àtùpà lálẹ́ òní àti lálẹ́ ọ̀la.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kàkà kí òun pa á, kí wọ́n fa ilé òun lọ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú àtùpà lórí. Ẹlòmíràn ní ọmọ ọjọ́ wo ni Ìbídùnní tí ó fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Pa Ayédùn kò pariwo. Ó dìde, ó lọ jókòó sí ìdí òpó àtùpà rẹ̀, ó fi apá gbá a mọ́ra.

“Ìbídùnní,” ó ní, “mo bá wọn gbé ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ. N kò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa iná yìí, mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó má bọ̀ mọ́.”

Ìbídùnní wò mí. Ó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Èmi tí orin kì í wọ́n lẹ́nu mi, àtùpà mi ni mo yíjú sí. Mo ń rántí ọkọ mi bó ṣe máa ń súfèé kó tó dé èbúté, kí n lè gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kí ìlú dúró. N kò fẹ́ kí ilé mi ṣókùnkùn sí i.

Ìyá Fíyìn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

“Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ pa á?” ó ní. Ó ń jẹ orí ẹja, ó ń tu eegun sómi. “Ṣé àtùpà tèmi kú ni? Àtẹ wà lábẹ́ ẹ̀, iná wà lókè ẹ̀. Ojú òkun ni tèmi ń tàn sí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tan tiyín sórí ilé. Ṣé orí òrùlé ni Fọlájìn máa wa ọkọ̀ gbà bọ̀ ni?”

Gbogbo orí yí sí ìdí òpó Bàbá. Mo bẹ̀rù pé Pa Ayédùn á bínú. Ó yí ojú rẹ̀ sí òpó Ìyá Fíyìn, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọnú ilé, ó gbé páànù tó fi ń wẹ̀ jáde, ó dì í mọ́ òpó lábẹ́ àtùpà rẹ̀ pẹ̀lú okùn àwọ̀n. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó tan iná. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ kékeré, ó sì wà á lọ sójú òkun, òun nìkan.

“Níbo lẹ̀ ń lọ, Bàbá?” Ìbídùnní ké sí i.

“Mo fẹ́ dúró síbi tí Fọlájìn á ti máa wò ó.”

A dúró. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, ojú ọ̀run pọ́n bí epo, ọkọ̀ rẹ̀ ń kéré sí i títí ó fi dà bí ìyẹ́ ẹyẹ lórí omi. Ó pẹ́ kí a tó rí i pé ó ti yí padà. Nígbà tó dé, ó di ọwọ́ mi mú láti gòkè, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

“Ìyá Olórin,” ó ní, “ti gbogbo yín dà bí èérún iná. Tèmi dà bí òṣùpá. Páànù yẹn ń ti iná jáde sójú agbami. Bí mo ṣe jìnnà tó, mo ń rí ojú ilé mi.”

Lẹ́yìn náà ni ariwo wá sọ ní tòótọ́. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń sáré: páànù ìwẹ̀, àtẹ ẹja, ọmọrí ìkòkò, irin tí wọ́n fi ń bo ẹnu ọkọ̀. Ẹni tí kò ní páànù gba ti aládùúgbò. Ilé tí iná ẹlòmíràn ṣì ń yọjú sí, a tẹ́ ẹní lé òrùlé rẹ̀. Ìyá Fíyìn dúró láàárín, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá lo àtẹ òun á fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Orin padà sí mi lẹ́nu, mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há:

Òrùlé mi, dijú díẹ̀,
Ojú mi ń bá ọ ṣọ́nà,
Ẹni tó ń bọ̀ á rí wa,
Sùn, kí ilẹ̀ mọ́ bá wa.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìbídùnní gbé ọ̀pá sórí ilé Pa Ayédùn. Kò kùn mọ́, kò sì tíì kọrin. Ohùn ọkùnrin tí ọ̀fun ń dí ló ń jáde. Ó ní ó ti gòkè díẹ̀, kò tíì tó. Gbogbo ọjọ́ yẹn kò jókòó. N kò fi orin yọ ọ́ lẹ́nu, mo kàn ń di irun rẹ̀ fún un, mo ń tú u, mo ń tún un dì.

Ọjọ́ Ajé, nígbà tí oòrùn dúró lágbede méjì ọ̀run, ojú dígí ṣí, pẹ̀lú ìlédìí mẹ́rin lọ́rùn.

“Ẹ kú ọ̀sán o, ará ilé. Ẹ kú ìsinmi. A ó bẹ̀rẹ̀.”

Ìbídùnní kúnlẹ̀. Ó gbé ọ̀pá lé awọ Pa Ayédùn. Gbogbo ìlú wà lórí afárá, afárá ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀pá náà kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun òkè, ó dúró sókè, ó mọ́ gaara.

“Ó ti kọjá ìdajì,” ni Ọkọ̀ Òfin wí. “Ó kọjá dáadáa.”

Pa Ayédùn jókòó sílẹ̀ lórí afárá níbi tó dúró sí.

Ilé kejì kọrin. Ilé kẹta kọrin. Tèmi kọrin, mo gbè é. A ń tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé bí ẹni ń tẹ̀ lé ìyàwó, títí a fi dé ilé ìkẹ́ja, ibi tí a ń kó ẹja pamọ́ sí, tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Níbẹ̀, Ìbídùnní dúró kí ọ̀pá tó fọhùn. Ó tẹ̀ba, ó wo igun òrùlé náà pẹ́. Ọkọ̀ Òfin tó ń bá wa bọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ kò tíì débẹ̀. Gbogbo wa rí ohun tí ó rí: àwọ̀ ìyeyè, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

“Fi ẹní bò ó,” ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi, wúyẹ́wúyẹ́.

Ìbídùnní gbọ́. Ó yíjú sí wa, kò bínú. “Omi ti wọ èyí,” ó ní. “Oorun kò lè jí i. Àwọn ọmọ wa ló ń mu omi tó ń ṣàn kúrò lórí ẹ̀.” Ó pe ọkọ̀ náà wá fúnra rẹ̀. Ó na àtàǹpàkò, ó tẹ ojú dígí, fún ilé ìkẹ́ja nìkan. Ọkọ̀ náà na apá irin jáde, ó ká awọ náà jẹ́jẹ́, ó fi sínú àpótí, ó pa á dé.

“Mo ti gbà á. Àwọn yòókù wà láàyè,” ó ní. “Olùwọ̀n Ìbídùnní, ìwọ̀n gòkè, n kò sì mọ ìdí. Ṣé ẹ lè sọ ọ́ fún mi, kí n gbé e lọ fún àwọn tó ṣe òfin?”

“Ẹ sọ fún wọn pé a gba iná alẹ́ kúrò lójú àwọn awọ, wọ́n sùn.”

“Wọ́n sùn,” ni Ọkọ̀ Òfin tún un sọ. Ó dà bí ẹni pé ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. “Ìyẹn yé mi. Ìlú Léfòó, ẹ kú ìdúró o.”

Ó tú ara rẹ̀ kúrò lára òpó, ó kọrí sí ilẹ̀.

“Ìlédìí ọmọ mi wà lọ́rùn ẹ̀,” ni obìnrin kan wí.

“Jẹ́ kó máa mú un lọ,” Pa Ayédùn, tó ti tẹ̀ lé wa débẹ̀, dá a lóhùn. “Ó ti di bàbá ọlọ́mọ.”

Bí a ṣe rẹ́rìn-ín tó, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí omi. Ìbídùnní ti fi orí lé èjìká mi, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀, mo gbé e bí mo ṣe máa ń gbé e ní kékeré, kò sì wúwo lójú mi. Ó ní, “Màmá, ebi ń pa mí.” Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Oúnjẹ dé láti gbogbo ilé. A ro òkèlè pupurú lórí iná awọ-oòrùn, ó funfun, ó rọ̀. Ọbẹ̀ marúgbó dúdú kún ìkòkò mẹ́ta, ẹja yíyan, ẹja tútù, edé pupa. Ìyá Fíyìn gbé gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún ológbò Pa Ayédùn ní ìrù ẹja kan, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi ajọyọ̀ tutù nínú ife. A jẹ, a mu, a tún jẹ. Ọmọdé ń sùn lórí itan ẹni tí kì í ṣe ìyá wọn. Pa Ayédùn bu marúgbó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má wo òun.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ, àwọn kan lórí afárá, àwọn kan nínú ọkọ̀, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́ nítorí ikùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ki ẹnì kejì lẹ́nu ọ̀nà: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìjẹun, ó di ọ̀la. Ilé tí wọ́n ń wọ̀ ni ilé tí wọ́n ti jáde láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí òun máa sùn.